Ife Keje Lórí Tábìlì Saint-Aubrac

Saint-Aubrac,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kìíní, 2005

Solène ọmọ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. O kú òtútù, o kú ìfaradà ìlú oníyìnyín. Ìyá ẹ ní kí n kí ẹ, ó ní ṣé ò ń wọ ìbọ̀sẹ̀ tí òun hun fún ẹ. Kò sí àìsàn nílé, àfi orúnkún mi tó ń dùn mí bí mo bá ń gun òkè ọgbà, ìyẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun.

Ọ̀rọ̀ tuntun ni pé wọ́n ti kọ wáìnì mi. Ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kejì, torí èmi náà kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbà á gbọ́. Wáìnì 2003, àgbá mọ́kànlá gbáko, ìgbìmọ̀ atọ́wò ní kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ Saint-Aubrac. "Kò jọ wáìnì ibí." Ohun tí wọ́n kọ nìyẹn. Láti ayé bàbá bàbá mi la ti ń ro òkè yìí, wọ́n wá ní wáìnì mi kò jọ ti ibí! Bí kò bá gba orúkọ, n kò gbọdọ̀ kọ ọdún sí i lára, n kò gbọdọ̀ kọ orúkọ ìlú. Ọkọ̀ táńkà ni yóò wá fà á lọ, wọn yóò dà á pọ̀ mọ́ ti ẹnikẹ́ni.

Ìwọ ò sí nílé lọ́dún yẹn. Ooru 2003 kì í ṣe èyí tí o rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Adìyẹ ìyá ẹ mẹ́fà ló kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Láti oṣù Kẹfà títí di ìparí oṣù Kẹjọ, òjò kò kán. Ewé àjàrà ká jọ sára wọn, èso ń hunjọ lójú wa. Ìjọba gan-an bẹ̀rù, wọ́n gbà wá láyè lọ́dún yẹn kí a da ìyẹ̀fun kíkan sínú wáìnì kó lè tutù lẹ́nu. Gbogbo wọn ló dà á sí i. Èmi ò dà á. Ṣé kí n fi ìyẹ̀fun inú ike bo ohun tí oòrùn Ọlọ́run ṣe mọ́lẹ̀ ni?

Ohun tó tún burú ni pé afẹ́fẹ́ gúúsù ló ń fẹ́ lọ́jọ́ ìtọ́wò náà. Ọmọ kékeré ní Saint-Aubrac mọ̀ pé a kì í tọ́ wáìnì wò nínú afẹ́fẹ́ gúúsù. Ṣe ni wáìnì máa ń bínú nínú ife.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́dọ̀ ẹ rèé. Àbúrò tíṣà ń bọ̀ ní Montréal lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo ti bá a di ìgò méjì sínú ṣòkòtò òtútù. Ìtọ́wò ẹlẹ́ẹ̀kejì di ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹrin. Ìwọ lo ń yan wáìnì fún gbogbo ilé oúnjẹ ńláńlá ibẹ̀, wọ́n mọ orúkọ ẹ dé ibí. Tọ́ ọ wò, kí o sì fi bébà ọ́fíìsì yín tó ní òǹtẹ̀ kọ ọ́ pé wáìnì gidi ni. Má ṣí i àfi lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ àríwá bá ń fẹ́.

N kò ní gbà fún wọn, Solène. Kó o mọ̀.

Bàbá rẹ,
Anselme Vérot


Montréal,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì, 2005

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú orúnkún, ẹ sì kú ìbínú. Mo ń wọ ìbọ̀sẹ̀ Màmá, ẹ sọ fún wọn pé ọ̀kan ti lu níbi àtàǹpàkò. Ìgò méjèèjì dé láyọ̀. Àbúrò tíṣà ní aṣọ́bodè bi òun pé kí ló wúwo tó báyìí nínú ṣòkòtò, òun sì dá a lóhùn pé, "Ẹsẹ̀ ọkọ mi ni."

Ẹ ní kí n dúró de afẹ́fẹ́ àríwá. Bàbá mi, Montréal ni mo wà. Afẹ́fẹ́ mìíràn wo ló wà níbí?

Bí ẹ ṣe kọ́ mi gan-an ni mo ṣe é. Mo fi bébà bo ìgò náà, mo kó o mọ́ márùn-ún mìíràn tó jẹ́ ti ọdún kan náà láti etí odò Rhône lọ́dọ̀ yín, mo sì ní kí ẹlòmíràn bá wa bu ú kí n má baà mọ èwo ni èwo. A jẹ́ mẹ́rin nídìí tábìlì. Mo dá tiyín mọ̀ ní kété tí mo gbé e súnmọ́ imú, ṣùgbọ́n n kò wí nǹkan kan.

Ó dúdú bí yíńkì. Etí ife nìkan ló pupa, ó sì ti ń mú àwọ̀ bíríkì díẹ̀, èyí tí kò yẹ kó tí ì dé. Òórùn ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ólífì dúdú, lẹ́yìn náà ṣúgà tó jóná. Òórùn ata tí a fi ń dá wáìnì wa mọ̀, mo wá a títí, ó sá pamọ́. Nígbà tó wọ ẹnu, ó wọlé bí ẹni ńlá, ó kún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn. Bí mo ṣe gbé e mì ni ọtí inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó mi lọ́fun. Kíkan tó yẹ kó gbé e ró kò sí níbẹ̀. Ó jókòó sórí ahọ́n, kò fẹ́ dìde. Níkẹyìn, ó fún ẹnu pọ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá rún kóró àjàrà. Ọ̀kan nínú wa béèrè bóyá láti Sípéènì ló ti wá. Ó fún un ní mọ́kànlá nínú ogún. Èmi fún un ní méjìlá.

Ẹ má bínú, n kò lè kọ lẹ́tà tí ẹ béèrè. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ọjà tí mo ń tà níbí. Ẹ̀yin náà lẹ fà á. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo sọ fún Fádà pé wáìnì wọn dùn kí inú wọn lè dùn, tí ẹ sì ní kí n padà lọ sọ fún wọn pé ó ti ń di ọtí kíkan. Fádà ò bá mi sọ̀rọ̀ títí di Kérésìmesì.

Ìbéèrè méjì ni mo ní. Ọjọ́ wo lẹ ká àjàrà yẹn? Èso oṣù Kẹjọ kọ́ ni ahọ́n mi sọ fún mi. Èkejì: ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tí ẹ ti wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ wáìnì yín, níbo lẹ wà?

Ọmọ yín,
Solène


Saint-Aubrac,
Ogúnjọ́, oṣù Kejì, 2005

Solène,

Mo gba lẹ́tà ẹ. Ìyá ẹ kí ẹ.

Méjìlá nínú ogún. Mo gbé ọ gun èjìká kọjá nínú ọgbà yẹn kí o tó lè rìn. Mo fi wáìnì kan ọ́ lẹ́nu lọ́jọ́ tí wọ́n sàmì fún ọ. Lónìí, o jókòó nínú yìnyín pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ń gbowó kí wọ́n lè máa tutọ́ sínú báàkẹ́ẹ̀tì, ẹ sì jọ ń béèrè bóyá ọmọ Sípéènì ni wáìnì bàbá ẹ. O ṣeun. O káre láé.

Ọjọ́ tí mo ká àjàrà mi kò kan ẹnikẹ́ni ní Kánádà. Ibi tí mo wà lọ́jọ́ ìtọ́wò kò kàn wọ́n náà.

N kò nílò bébà ẹ mọ́. Mo lè dá dúró níwájú wọn. Tí o bá fẹ́ wá sílé lásìkò Àjíǹde, yàrá ẹ wà níbẹ̀, torí ìyá ẹ. Má kàn bá mi dé ọ̀rọ̀ wáìnì.

Anselme Vérot


Montréal,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta, 2005

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Ẹ kọ orúkọ yín lódindi sábẹ́ lẹ́tà bí ẹni pé agbẹjọ́rò ni mí, ẹ ò tiẹ̀ pe ara yín ní bàbá mi. Ó dùn mí gan-an. Mo sunkún, mo nu ojú, mo sì tún jókòó láti kọ̀wé, nítorí ẹ̀yin lẹ bí mi, orí kunkun yẹn kì í ṣe tiyín nìkan.

Mo bẹ Màmá kí wọ́n fi ẹ̀dà ìwé tí ìgbìmọ̀ kọ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ má bá wọn jà, èmi ni mo yọ wọ́n lẹ́nu. Ìlà márùn-ún ló wà nínú ìwé náà, ìlà kan fún atọ́wò kan, kò sí orúkọ níbẹ̀. Èkíní ní, "Ó gbóná jù." Èkejì ní, "Kò jọ ti ibí." Ẹ jẹ́ kí n ka ẹ̀kẹta sí yín létí: "Ẹni tó ṣe wáìnì yìí gbé jáàmù kaná, ó sì gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ fún Máàsì."

Bàbá mi, ní gbogbo Saint-Aubrac, ta ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn? Lórí jáàmù Màmá ni ẹ ti kọ́kọ́ sọ ọ́, tí wọ́n fi ṣíbí igi lé yín jáde ní kíṣìnì. Ẹ tún sọ ọ́ nípa wáìnì àna tíṣà. Ẹ̀yin ni ìlà kẹta. Wọ́n gbé ife aláìlórúkọ síwájú yín, ẹ tọ́ ọ wò, ẹ kọ̀ ọ́, tiyín sì ni. Àbí mo parọ́?

N kò fi yín rẹ́rìn-ín. Bí mo bá rẹ́rìn-ín, ìṣẹ́jú kan péré ni. Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹ fẹ́ kí èmi wá sọ pé ọ̀bẹ náà kò mú. Ẹ kọ ti Firmin Tracol, aládùúgbò wa, ní 1991, ẹ ní omi tí wọ́n fi ṣan àgbá ni. Wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ lọ fún àwọn tó ń se ọtí líle. Ṣé afẹ́fẹ́ gúúsù ló ń fẹ́ lọ́jọ́ yẹn náà?

Nǹkan kan wà tí n kò sọ nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, torí n kò tí ì mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. Mo dí ìdajì tó ṣẹ́kù nínú ìgò, mo gbé e sí ojú fèrèsé kíṣìnì, mo sì gbàgbé rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, mo bù ú mu pẹ̀lú ẹran sísun. Iná inú rẹ̀ ti rọlẹ̀. Òórùn ata tó sá pamọ́ jáde, pẹ̀lú òórùn òkúta ọgbà wa lẹ́yìn òjò. Kò pẹ́ púpọ̀ kó tó tún lọ. Ṣùgbọ́n mo rí i, mo sì mọ ilé tó ti wá.

Nítorí náà, mo ti kọ lẹ́tà kan lórí bébà ọ́fíìsì, ó wà nínú àpòòwé yìí, òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀. Gbogbo àléébù rẹ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ kẹta náà. N kò ní yọ ìlà kan kúrò, n kò sì ní fi ọ̀kan kún un. Tí ẹ bá fẹ́, ẹ gbé e fún wọn. Tí ẹ ò bá fẹ́, ẹ fi dáná.

Ọmọ yín, ẹ fẹ́ o, ẹ kọ̀ o,
Solène


Montréal,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹrin, 2005

Bàbá mi,

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé, kò sí lẹ́tà. Mo pe fóònù ilé lẹ́ẹ̀mẹta, Màmá ló ń gbé e, wọ́n ní ẹ wà lọ́gbà. Nínú òjò, bàbá mi? Wọ́n ní ẹ ò jẹun dáadáa, ẹ sì máa ń jókòó ti àwọn àgbá láìtan iná.

Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí ìtọ́wò pé. Ẹ kọ èébú ránṣẹ́ sí mi tí ẹ bá fẹ́. Èébú yín sàn fún mi ju ìdákẹ́jẹ́ yìí lọ.

Solène


Saint-Aubrac,
Ọjọ́ kejì, oṣù Karùn-ún, 2005

Solène ọmọ mi,

O kú sùúrù. Ara mi le. Àjàrà ti ń rúwé, Màmá ẹ ti ń hun ìbọ̀sẹ̀ mìíràn, ó ní àtàǹpàkò ẹ kò mọ̀ ju kó lu aṣọ lọ.

Èmi ni ìlà kẹta. Mo ti sọ ọ́, má jẹ́ kí n tún un sọ. Ife méjìlá ló wà lórí tábìlì lọ́jọ́ náà, keje ni tèmi, n kò sì mọ̀. Mo gbé e sí imú, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ta ló fi èyí ṣe wá?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, mo sì kọ ọ̀rọ̀ jáàmù. Lọ́jọ́ kẹwàá lẹ́yìn ìtọ́wò ni lẹ́tà pé wọ́n kọ wáìnì mi dé, nọ́ńbà keje wà lórí ẹ̀, orúkọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn títí oúnjẹ fi tutù. N kò lè sọ fún ìyá ẹ. Ojú tì mí, Solène, ó tì mí débi pé inú ló gbà, ó di ìbínú.

O béèrè ọjọ́ tí mo ká a. Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹsàn-án ni. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún ni àjàrà yọ òdòdó, mo ka ọgọ́rùn-ún ọjọ́ sí i bí ìyá mi ṣe máa ń kà á, mo sì ká a. Gbogbo ìlú ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹjọ. Firmin dúró lẹ́nu ààlà, ó ké sí mi pé, "Anselme, èso ń jóná o!" Mo ní kó lọ tọ́jú tiẹ̀. Mo rí i pé ó ń jóná. Ojú mi kò fọ́. Ṣùgbọ́n láti ogójì ọdún ni ọgọ́rùn-ún ọjọ́ kò ti já mi kulẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ó jẹ́ èmi ni yóò sọ pé ìyá mi kò mọ ìṣirò.

Mo ka lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀. Mo kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kẹta. Ohun kan náà ni àwa méjèèjì sọ, àfi pé tìrẹ ní ọ̀wọ̀ nínú. Ahọ́n mi lo gbé lọ sí Kánádà. Ó wù mí kí n bínú sí i, n kò rí i ṣe. Lẹ́tà náà wà nínú àpò mi, n kò gbé e fún ẹnikẹ́ni, n kò sì fi dáná.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ọ̀gá àwọn akọ̀wé ìgbìmọ̀ ní kí n má jókòó nítorí wáìnì mi wà nínú àwọn tí a fẹ́ tọ́ wò. Mo ní kó fi ibi tí wọ́n kọ òfin yẹn sí hàn mí. Ó wá a, kò rí i. Mo jókòó. Afẹ́fẹ́ àríwá ń fẹ́ kíkankíkan, fèrèsé ń gbọ̀n.

Lọ́tẹ̀ yìí, ife kẹrin ni. Mo mọ̀ ọ́n kó tó dé imú mi. Mo gbé e wò lójú ìmọ́lẹ̀, mo gbọ́ òórùn rẹ̀, mo tọ́ ọ wò, mo tún tọ́ ọ wò. Mo dúró de òórùn ata tó o sọ. Mo ní kó jáde, mo bẹ̀ ẹ́. Ó jọ pé mo rí i fìrí, ṣùgbọ́n n kò lè búra. Ọ̀pọ̀tọ́ ni, ṣúgà jíjóná ni, iná ọ̀fun ni. Mo gbé bírò lé ibi tí wọ́n kọ "gbà" sí. Kò sí ẹni tó ń wò mí. Firmin, tí òun náà wà nínú ìgbìmọ̀ báyìí, jókòó ní iwájú mi, ó gbé orí sínú ife tiẹ̀. Mo bá fa ìlà sábẹ́ "kọ̀". O ní ọ̀bẹ kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Tèmi gbẹ́ ẹ, Solène, lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n ka ìbò. Mẹ́rin gbà á, ẹnìkan kọ̀ ọ́. Wáìnì 2003 ti gba orúkọ Saint-Aubrac. Nínú gbogbo ìgbìmọ̀, bàbá ẹ nìkan ló sọ pé kò yẹ kó gbà á, kò sì ní kó ọ̀rọ̀ ẹ̀ jẹ.

Bí a ṣe ń wọ ẹ̀wù òtútù wa ni Firmin sún mọ́ mi. Ó ní, "Kẹrin ni tìẹ, àbí?"

Mo ní, "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Anselme, ta tún ni? Gbogbo wa la ká tiwa ní oṣù Kẹjọ. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì fọwọ́ sí i."

"Ó gbóná jù, Firmin. Má tàn mí jẹ."

"Ó gbóná. Mo ní ahọ́n lẹ́nu." Ó ń de bọ́tìnì rẹ̀, kò wo ojú mi. "Ìwọ náà kò parọ́ mọ́ tèmi ní 91. Omi ni. Àmọ́ márùn-ún lẹ jẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin márààrún lẹ kọ̀ ọ́. Ẹnìkan péré ni mo fẹ́. Bí ẹnìkan ṣoṣo bá dìbò fún mi, ǹ bá lè fara dà á."

N kò bẹ̀ ẹ́. Kí n bẹ̀ ẹ́ fún kí ni? Mo ṣì máa kọ wáìnì yẹn lónìí. Ṣùgbọ́n n kò lè wakọ̀ lọ sílé. Mo bi í bóyá ọ̀kankan ṣẹ́kù nínú 91 náà. Ó ní ìgò mẹ́ta ló wà lẹ́yìn pákó, ìyàwó òun gan-an kò mọ̀.

A lọ sílé ẹ̀. Ó ṣí ọ̀kan, ó gé wàràkàṣì ewúrẹ́ sí i, a jókòó sí tábìlì kíṣìnì bí ẹni ń ṣe òkú. Mo gbé e sí imú, mo tọ́ ọ wò dáadáa, mo fún un ní gbogbo àkókò tó yẹ kí n ti fún un ní 91.

Mo ní, "Firmin, omi ni."

Ó ní, "Mo mọ̀."

A mu ún tán.

Bàbá rẹ,
Anselme